Ṣójà Kì Í Pe Ènìyàn Lẹ́ẹ̀mejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ mí: bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ nínú mi, n kì í lè jókòó sójú kan. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́. Mo kúkú jókòó, mo mú bírò.

Ìròyìn kan ló wà. Wọ́n fún mi ní ipò tuntun níbi iṣẹ́ mi, mo sì gbà á ní ìpè àkọ́kọ́. Ẹ má tíì bínú. Ẹ gbọ́ mi tán ná.

Ṣé ẹ rántí Ìyá Viavo, aládùúgbò wa nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Àgbádárìgì? Obìnrin yẹn kì í se oúnjẹ kó má pe ènìyàn. Òórùn ẹja díndín rẹ̀ á ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wá ní, “Ọmọ Tíṣà, wá jẹun!” Èmi á wo ojú yín. Ẹ ó kàn wúkọ́ kékeré kan, ẹ ó fi eyín mú etí ìborùn yín, ó parí. Màá ní, “A ti jẹun, mà.” Inú mi á sì máa kùn bí ẹ̀rọ. Tó bá pè lẹ́ẹ̀kejì, màá dúpẹ́. Ó di ìgbà tó bá pè lẹ́ẹ̀kẹta, tó fà mí lọ́wọ́, kí ojú yín tó rọ̀, kí n tó lọ fọwọ́. Ẹ ní ọmọ tó bá gba ìpè àkọ́kọ́, ebi ló kọ́ ọ, kì í ṣe ìyá.

Màmá, mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn lọ síbi iṣẹ́.

Ìdí òṣùwọ̀n ni mo wà nígbà tí ẹ kú, nílé iṣẹ́ epo àgbọn, níbi tí mo ti ń wọn àgbọn tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé wá. Ẹ̀yìn ikú yín ni mánéjà wa, bàbá Ìjẹ̀bú yẹn, pè mí pé kí n wá ṣe ọ̀gá abà tí a ti ń sá àgbọn. Inú mi dùn gan-an. Kí ni mo sì sọ? Mo ní, “Ẹ ṣé, sà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn tóbi jù mí lọ.” Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n lọ rò ó. Òun mọ àṣà. Ó fẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí a jí gbọ́ orin ológun lórí rédíò. Wọ́n ní kí bàbá máa lọ sinmi nílé, wọ́n sì fi ọ̀gá ṣójà kan sórí wa.

Èyí kì í jókòó. Ó tò wá sórí ìlà bí àwọn tó fẹ́ ra ọṣẹ àti mílíìkì, ó nàka sí mi. “Ìwọ, ṣé o lè ṣe ọ̀gá abà?” Mo wolẹ̀. Mo ní, “Hà, sà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà níbí.” Mo ń retí kó ní, rárá, ìwọ ni mo pè. Ó ti yí ojú kúrò. “Ẹlòmíràn!” Ni Sènámi bá jáde láti ẹ̀yìn mi, Sènámi ọmọ Ègùn tí èmi fúnra mi kọ́ bí a ṣe ń ka òṣùwọ̀n. “Yẹ́ẹ̀sì, sà!” Ó parí. Ṣójà kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣe di ẹni tí mo ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lọ sílé ìwòsàn nìyẹn. Kò fìyà jẹ mí o. “Àǹtí” ló ṣì ń pè mí, ìyẹn gan-an ló sì ń ta mí lára. Àwọn kan ní mo gbéraga, pé ipò náà kéré lójú mi. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni mí. Bí ààyè kan bá tún ṣí sílẹ̀, wọn kì í tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. “Ìyẹn? Kò fẹ́.” Kò-fẹ́ wá di orúkọ mi. Èmi tí mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn! Ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀, òun náà ní, “Ṣé o rò pé wọ́n máa wá fi ẹṣin gbé ọ ni?”

Mo bínú sí yín, Màmá. Mo kọ ojú fọ́tò yín sí ògiri lọ́jọ́ kan. Ṣé ẹ rí mi? Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti tún un yí padà.

Lọ́dún yìí ni nǹkan wá le pátápátá. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wà ní títì, epo wa kò rí ọ̀nà kọjá. Wọ́n ti dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ohun tí mo ń mú bọ̀ ni gbogbo ilé ń jẹ. Ìjọba wá ní kí ilé iṣẹ́ wa náà dín ènìyàn kù. Ọ̀rọ̀ tàn ká pé ẹni tí kò bá ti ní ipò, ilé ló ń lọ, àti pé ipò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa yan ẹni náà, Sènámi fà mí lọ sẹ́yìn abà.

“Àǹtí, mo ti dárúkọ yín fún ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá pè yín, ẹ má ṣe bí ẹni tí wọ́n pè jẹun o.”

“Kí lò ń sọ?”

“Ta ni kò mọ̀ yín? Bí mo bá fún yín ní ẹ̀pà, ẹ ó ní ẹ ti yó. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, ẹ ti jẹ ẹ́ tán!”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ yìí ti mọ̀ mí tipẹ́. Èmi ni n kò mọ ara mi.

Ọ̀gá dé, ó pe orúkọ mi. Kó tó tún la ẹnu, mo ti kígbe, “Yẹ́ẹ̀sì, sà! Mo gbà!” Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò mí tìyanu-tìyanu. “N kò tíì sọ iṣẹ́ náà.” Mo ní, “Mo ṣì gbà á, sà.” Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Tópò, ní òdìkejì ọ̀sà, ni iṣẹ́ náà wà, Màmá. Èmi ni olórí ibi tí a ti ń ra àgbọn lọ́wọ́ àwọn ará erékùṣù. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń wọ̀ kọjá ọ̀sà, èmi tí ẹ kò jẹ́ kí n ti ẹsẹ̀ bọ ọ̀sà yẹn títí ẹ fi lọ, nítorí ẹ̀yin ará Èkìtì, odò tí ẹ mọ̀ kò ju orúnkún lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo di etí ọkọ̀ mú, mo ń kọ orin ìjọ tí ẹ fẹ́ràn. Awakọ̀ ní, “Ìyá, ẹ rọra o, ẹ̀ ń lé ẹja sá.” Ó ti ń mọ́ mi lára báyìí. Mo mọ iṣẹ́ náà, mo sì ń ṣe é dáadáa. Ẹ wo bí mo ṣe sọ ìyẹn láìwolẹ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tàná. Ẹ̀yìn ilé obìnrin kan, ìyàwó apẹja, ni òṣùwọ̀n mi wà lábẹ́ igi àgbọn. Ó ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó rí mi, ó ké sí mi lédè Ègùn pé kí n wá jẹun: “Wá dùnú!” Mo ti dìde láti lọ fọwọ́, bí mo ṣe dá ọ̀gá lóhùn gẹ́lẹ́. Ìgbà náà ni ojú mi bọ́ sínú ìkòkò. Ẹja tín-tìn-tín, gàrí tí kò kún abọ́, àti àwọn ọmọ tó yí i ká. Mo ní, “Mo ti jẹun, ìyá.” Ó mí kanlẹ̀. Kò pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó bu gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ, inú mi sì ń kùn bí ẹ̀rọ.

Màmá, ṣé ìkòkò ni ẹ máa ń wò? Gbogbo ìgbà tí ẹ ń wúkọ́ yẹn, ṣé ẹ ti rí inú ìkòkò Ìyá Viavo, tí ẹ sì ti wo àwọn ọmọ tó yí i ká? Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́? Ìpè nìkan ni ẹ kọ́ mi. N kò mọ̀ pé ìkòkò wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìkòkò ilé iṣẹ́ náà ní àwọn tó yí i ká. Díẹ̀ lára àwọn ẹ̀gbọ́n tí mo ń wolẹ̀ fún lọ́jọ́sí ti wà nílé báyìí, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tèmi náà wà nídìí ìkòkò yẹn. Ká ní ẹ dúró tì mí lórí ìlà lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ ì bá wúkọ́? Mo ti wo fọ́tò yín dáadáa. Mo ti fi ọkàn mi sí i pé ẹ ò ní wúkọ́.

Bí mo bá ń lọ sí Tópò lọ́la, màá di oúnjẹ dání, oúnjẹ tó tó ènìyàn púpọ̀. Màá sì pe obìnrin yẹn títí yóò fi gbà.

Èmi ni ọmọ yín,
tí kò tíì yéé wo ojú yín.