Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Fi Ìpàdé Sí Sátidé

Ní gbogbo Makun, kò sí ọmọ tó mọ ìṣirò tó mi, ẹ lọ bèèrè. Kí tíṣà tó kọ ọ́ tán sí bọ́ọ̀dù, èmi ti rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tí mo ń fi ṣakọ yẹn náà ni mo fi ba iṣẹ́ èèyàn kan jẹ́, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni... ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ojú ewé yìí lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà tí mo wà ní SS2, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan wá ràn wá lọ́wọ́. Sukúù ìjọba ni tiwa, òrùlé ń jò, àga ò tó. Wọ́n kan òrùlé, wọ́n kó àga wá, wọ́n kun gbogbo ògiri ní yẹ́lò àti pupa bíi páálí bisikíìtì wọn, àwọn ìyá wa ń jó. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ká máa wá sílé iṣẹ́ àwọn lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, pé practical ni. Practical kí ni? Ká máa to bisikíìtì sínú páálí ni o... Tíṣà Kẹ́mísírì wa nìkan ló ta kò ó. Wọ́n ní káwọn òbí má gbà, pé ta ló máa bá wa ṣe ìdánwò àṣejáde? Àwọn òbí sì ń gbọ́ tiwọn, torí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wa ní lesson ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni head boy, ni mánijà ilé iṣẹ́ náà bá pè mí sí ọ́fíìsì ẹ̀, ó fún mi ní mínírà tútù, ó ní scholarship mi wà ńlẹ̀, báwo la ṣe máa ṣe Tíṣà yìí sí? Ẹ wo èmi ọlọ́gbọ́n. Mo ní kó sọ fún principal wa pé kó fi ìpàdé òbí sí àárọ̀ Sátidé. Ìjọ tó ń sinmi ní Sátidé ni Tíṣà ń lọ, tí oòrùn bá ti wọ̀ ní Fraidé, kò sóhun tó lè gbé wọn wá síbi iṣẹ́ títí oòrùn á tún fi wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mánijà rẹ́rìn-ín, ó ní ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ pé o.

Tíṣà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òbí tẹ̀ka síwèé pé àwọn gbà, bàbá mi náà tẹ̀ka. Principal tún kọ̀wé sí ìjọba pé Tíṣà kọ̀, wọn ò wá sípàdé, ni ìjọba bá tì wọ́n lọ sí sukúù abúlé kan lẹ́yìn Ìlárá. Tíṣà Kẹ́mísírì mìíràn ò dé mọ́. Gbogbo wa fìdí rẹmi nínú Kẹ́mísírì, èmi náà gba F9. Scholarship dà? Wọ́n ní ẹni tó bá pàsì ni. Mo ṣì ń to bisikíìtì títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tíṣà wá sílé wa. Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi wá sọ́dọ̀ àwọn, àwọn á kọ́ mi fún GCE, mi ò ní san nǹkan kan. Wọ́n ní principal ló fi Sátidé yẹn gbá àwọn mú, àwọn ò kí i mọ́, ṣùgbọ́n èmi dúró ti àwọn, torí èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù lọ́jọ́ tí wọ́n ń kúrò... Mi ò lè gbójú sókè. Ìyá mi ti fọ aṣọ mi, ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo máa lọ.

Ṣé kí n sọ fún wọn? Tí mo bá sọ, ta ló tún máa kọ́ mi? Tí mi ò bá sọ, ṣé kí n máa jẹun wọn, kí n máa gbọ́ tí wọ́n ń bú principal? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà o, mo ti gbà á. Kí ni kí n ṣe gan-an? Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ti ń fọn fèrè níta, mo ń lọ.