Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lára Páálí

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo sì kí ẹsẹ̀ rẹ fún àtẹ̀gùn ilé gíga tó ò ń gùn lójoojúmọ́. Ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Tó o bá ń bèèrè wa, a wà. Mo ní a wà, èmi nìkan náà ni, mo ṣì ń sọ ọ́ bí ìgbà tí bàbá rẹ wà láyé.

Fáànù tó o fi rán awakọ̀ sí mi dé láyọ̀. Mo tú inú páálí rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, mo gbọn ọ̀rá inú rẹ̀ wò, mi ò rí lẹ́tà. Ìgbà tí mo yí i ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lo kọ̀wé sí gàdàgbà, o tún ya ọfà méjì tó kọjú sókè. Mo ní háà, ọmọ mi ò gbàgbé mi. Mo gbé e lọ bá aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé, ó kà á pé KEEP UPRIGHT, ó ní máa nàró ló túmọ̀ sí.

Mo mọ ohun tó fà á. Nígbà tó o wá kẹ́yìn, o ní ẹ̀yìn mi ti ń tẹ̀. Odidi ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń nàró. Mo ń nàró gbálẹ̀ títí ìgbálẹ̀ ò fi kan ilẹ̀ mọ́, mo fi ìrọ̀rí mẹ́ta ti ẹ̀yìn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń sùn níjòókòó. Ẹ̀yìn ń dùn mí, inú mi sì ń dùn.

Mo wá fẹ́ fi òyìnbó fún ọ lésì, mo bá lọ sọ́dọ̀ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì lójúlé kejì. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ṣeé lò fún nǹkan, ó ṣeé lò fún èèyàn. The chair is upright, àga náà nàró. He is an upright man, olóòótọ́ ni. Mo bi í bóyá olóòótọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ ṣì lè jẹ́ upright, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo bá rántí bàbá rẹ. Èmi náà kọ I am upright, ó máàkì í fún mi. Ló bá bèèrè ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà, mo fi páálí hàn án. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní àwọn tó ṣe fáànù ló kọ ọ́, pé páálí ni wọ́n ń bá wí, kí awakọ̀ má baà dojú rẹ̀ dé.

Ó dùn mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo rò pé o bá mi sọ láti oṣù márùn-ún, páálí ló ni ín.

Fáànù ń fẹ́ dáadáa o, ó ń yíjú sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wá èèyàn. Owó tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi ra bébà, kó o kọ ìlà méjì tó jẹ́ tèmi. Èyí tó bá kù, fi wọkọ̀ wá. Ìdúró rẹ kò ní yẹ̀, ẹni tí yóò gbé ọ ró kò ní jìnnà sí ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ. Mo ti ń dùbúlẹ̀ sùn báyìí, àmọ́ páálí ṣì nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dojú rẹ̀ dé.