Gáùn Dúdú Tí Ọkọ Mi Fi Ránṣẹ́

Màmá mi àtàtà,

Èmi ni, ọmọ yín tí kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ẹ má wo bí ìwé mi ṣe rí, ẹ̀yin náà mọ ibi tí mo ka ìwé dé. Kò sẹ́lòmíì tí mo lè bi ní ohun tí mo fẹ́ bi yín yìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá.

Mo ti ṣègbéyàwó, Màmá. Ẹ ò dúró dè é. Ọkọ mi ń tún iná ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tí àwọn olówó fi ń gbafẹ́ kiri ayé. A ò tíì pẹ́ nílé tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti wá gbé e ga báyìí, wọ́n ní kó mú ìyàwó rẹ̀ wá, ká jọ rin ìrìn àjò kan. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Èmi tó jẹ́ pé tí a bá dé jẹ́tì Ọ̀jọ́, etí ìró yín ni mo máa ń dì mú!

Ṣùgbọ́n omi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Aṣọ ni. Ó ní alẹ́ méjì wà tí gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ máa ń múra gidi: ọkùnrin á wọ kóòtù, obìnrin á wọ gáùn tó gùn délẹ̀. Ẹni tí ò bá múra bẹ́ẹ̀ ò ní wọ yàrá oúnjẹ ńlá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó wọn. Kí ojú má baà tì mí, ó ra gáùn, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé.

Màmá, dúdú ni. Ó dúdú bíi kóró iṣin.

Ẹ̀yin lẹ mú mi wọ ìjọ aláṣọ funfun láti kékeré. A kì í wọ dúdú, a kì í wọ pupa. Ọjọ́ tí a sin yín pàápàá, funfun ni mo wọ, láìwọ bàtà. Ọkọ mi kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kò mọ̀. Nígbà tó pè, mo ní gáùn náà rẹwà. Kí ló dé tí ẹnu mi máa ń kú báyìí?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ wa ní Òkokomáíkò, bóyá ó lè fi aṣọ funfun bo díẹ̀ níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó ọlọ́kọ̀ ojú omi! Funfun kẹ̀? Ṣé ìsìn lo fẹ́ lọ ṣe lórí omi ni? Ìwọ tí o ò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi dé Bàdágìrì rí, o ti ń yan aṣọ!"

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo sunkún láti ibẹ̀ dé Ìyànà Ìbà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹtù yín, aṣọ òkè aláró tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ọkọ mi ti sọ pé àwọn ará Íńdíà inú ọkọ̀ máa ń wọ aṣọ ilẹ̀ wọn láwọn alẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ẹ rántí ọjọ́ tí ìyá ìjọ kan bá yín jà pé dúdú lẹ wọ? Ẹ kàn fa etí aṣọ náà sójú oòrùn, ẹ sì dá a lóhùn pé:

"Ẹ tún un wò dáadáa, ìyá ìjọ. Aró ni."

Mo ṣí àpótí yín. Òórùn kánfọ̀ gba gbogbo ilé. Pẹ̀lú ìwàǹwára, kí òórùn náà lè lọ, mo rẹ ẹtù náà sínú ọṣẹ pọ̀ mọ́ sùtánà mi, nínú bàsíà kan náà. Ọmọ alágbàfọ̀ ló ṣe é o! Ẹ̀yin tí ẹ fọ sùtánà fún gbogbo ìjọ ní Ìbà, tí ẹ máa ń po búlúù sómi ìkẹyìn, tí ẹ ó bu díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́ wò kí ẹ tó ti aṣọ bọ̀ ọ́. Ẹ ò fọ ẹtù yẹn lójú mi rí, ẹ máa ń sá a síbòòji ni. Kí ló dé tí mi ò bi yín nígbà tí ẹ wà? Aró yọ́ bo gbogbo omi. Sùtánà mi bàjẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ balùwẹ̀, mò ń pè yín. Ṣé ẹ gbọ́?

Nígbà tí ẹtù gbẹ, ó ti ṣá. Ó wá rí bí ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Kò sẹ́ni tó tún lè pè é ní dúdú mọ́.

Lánàá, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọkọ mi lórí fóònù. Mo sọ ti ìjọ, mo sọ ti gáùn, mo sọ ti ẹtù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lórí òkun, kò tíì dáhùn. Àbí inú ló ń bí i? Ṣé màá dójú tì í lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀? Tó bá ní kí n má wá mọ́ ńkọ́, Màmá? Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ níbi tí ẹ wà.

Mo ti dá gáùn yẹn padà sínú ọ̀rá rẹ̀, ilé ni mò ń fi í sí. Ẹtù yín ni mo ká sínú báàgì, pẹ̀lú gèlè funfun. Tí ẹ bá ń wo orí omi láwọn alẹ́ yẹn, tí ẹ rí àwọn obìnrin tó wọ dúdú, ẹ má wá mi láàárín wọn. Ẹni tó rọra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó wọ aṣọ yín, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró tì mí.

Èmi ọmọ yín,
tó ṣì di etí ìró yín mú.