Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Ipò Kìn-ín-ní

                                        Ilé Àwọn Tíṣà,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Igbó,
                                        Ògbómọ̀ṣọ́.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹrin, 1989.

Ìyá Fìyìnfólúwa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ará Ọ̀yọ́ ńkọ́? Bàbá Fìyìnfólúwa ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́, àbí wọ́n ṣì ń fi ìrora lọ sí Máàsì? Fìyìnfólúwa fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti yé sá fún ìṣirò? Ẹ kú ọdún Àjíǹde gbogbo ilé o. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bùkọ́lá ọmọ mi ní kí n bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa wá.

Rose, o mọ̀ mí. Bí mo bá rí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ara mi kò lè balẹ̀ àfi tí mo bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí ìjọ kan ní Amẹ́ríkà fi ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ ni mo ń bọ̀ wá sọ. Kọ̀ǹpútà kì í dá ṣiṣẹ́ o. Àfi kí èèyàn fi ètò sí i, ìyẹn àwọn àṣẹ tó máa tẹ̀ lé. Ètò èsì ìdánwò tí a rà ní Ìbàdàn mọ máàkì, ó mọ A àti B, ṣùgbọ́n kò mọ ipò. Ta ló ṣe ipò kìn-ín-ní? Kò mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi èsì táàmù àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sílé láìsí ipò. Há! Àwọn òbí ya bò wá. Bàbá Mùnírù gbéra láti Ìrẹsà, wọ́n ní àwọn ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ pé, kí ló dé tí a fi gba ipò lọ́wọ́ ọmọ àwọn? Ojú ti Ọ̀gá Bámgbóṣé, olórí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ní bí èsì táàmù kejì bá tún jáde láìsí ipò, inú yàrá ìkẹ́rùsí ni kọ̀ǹpútà máa sùn. Ọkàn mi bàjẹ́, nítorí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn rẹ̀ ni. Mo lọ bẹ ẹni tó ta ètò náà fún wa pé kó bá wa fi ipò sí i. Ó ní wọ́n ti dí i pa láti òkè òkun, òun gan-an kò lè rí inú rẹ̀.

Akínpẹ̀lú, àbúrò ọkọ mi tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ti mú dísíìkì kan bọ̀ nígbà Kérésìmesì. Ètò èsì ìdánwò ni òun náà. Kò mọ ipò, ṣùgbọ́n àwọn ará yunifásítì tó kọ ọ́ kó gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ síbẹ̀ ní ìlà-ní-ìlà kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Wọ́n ní kéèyàn dà á kọ, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kó má ṣe tì í mọ́ ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń sanwó fún wọn? Kí ni wọ́n ń jẹ? Mo da ìbéèrè bo Akínpẹ̀lú títí ó fi sá wọlé.

Inú mi dùn, mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Wọ́n gbà á, wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní, "Mísíìsì, ohun tí a kò rà, tí a sì ń dà kọ, olè nìyẹn. Díákónì ni mí o." Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí.

O sì mọ̀ pé àwọn náà ni olórí ẹgbẹ́ akọrin wa, tí èmi ń kọ ohùn áàtò. Nígbà tí à ń múra orin Àjíǹde, wọ́n pín ìwé dò-rè-mí, ìyẹn ohùn orin tí a kọ sílẹ̀, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn akọrin Ìkòyí-Ilé. Ọ̀gá ti mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ti tún ìlà tẹ́nọ̀ kọ nítorí àwọn ọkùnrin wa kò lè gun òkè tó bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀, bí ìṣe wọn, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ẹ dà á kọ, ẹ tún un ṣe bó bá yẹ, ẹ fún ẹlòmíràn." Mo wo ìwé, mo wo ọ̀gá. Bí a ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, mo sún mọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá ṣe kásẹ́ẹ̀tì nìkan làwọn ará Ìkòyí-Ilé fún yín ńkọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì ṣe? Màá kàn gbọ́ ọ ni. Báwo ni mo ṣe máa tún tẹ́nọ̀ ṣe nínú kásẹ́ẹ̀tì?"

"Kásẹ́ẹ̀tì la rà ní Ìbàdàn, sà. Dò-rè-mí lẹ tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù."

Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún. Wọ́n ní, "Àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn fọwọ́ sí i?" Mo ní ó wà níbẹ̀, sà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n kọ́kọ́ ka ìyọ̀ǹda tí àwọn tó kọ ètò náà fi sínú dísíìkì délẹ̀, kí wọ́n tó gbé dísíìkì lé mi lọ́wọ́.

Èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi la jọ ṣí ètò náà, a fi àṣẹ tó ń wá ipò kún un. A kọ́kọ́ gbàgbé àwọn tó bá gba máàkì kan náà: kọ̀ǹpútà fún ọ̀kan ní ipò kejì, ó fún èkejì ní ìkẹta. Àwọn ọmọ pariwo pé ìrẹ́jẹ ni, pé ipò kejì làwọn méjèèjì, kò sì gbọdọ̀ sí ìkẹta rárá. A tún un ṣe. Èsì jáde pẹ̀lú ipò, kọ̀ǹpútà kò sì lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí mọ́. Bàbá Mùnírù tún wá. Wọ́n tẹjú mọ́ ipò Mùnírù títí, wọ́n wá rọra bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ò lè dá ti àtijọ́ yẹn padà?" Rose, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín!

Dísíìkì tó wà nínú àpòòwé yìí, tìrẹ ni. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ yín ṣì wà lábẹ́ aṣọ tí ẹ fi bò ó. Mo lọ sọ fún ọ̀gá pé mo fẹ́ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́. Bírò pupa ni wọ́n mú. Wo ẹ̀yìn pálí rẹ̀, ọwọ́ wọn nìyẹn: "Ẹ dà á kọ, ẹ tún un ṣe bó bá yẹ, ẹ fún ẹlòmíràn." Omi bọ́ lójú mi. Ohun tó o bá tún ṣe níbẹ̀, jọ̀ọ́ fi hàn mí.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí Bàbá Fìyìnfólúwa, kí o sì fa Fìyìnfólúwa létí díẹ̀ fún mi.

                                        Èmi tí kì í yé béèrè, tìrẹ títí,
                                        Àtinúkẹ́.