Mo Ti Fi Orúkọ Yín Gba Àyè Fọ́tò

Ẹ̀gbọ́n mi Dunja,

Ẹ kú òtútù Dublin. Màmá àgbà ń kí yín. Orúnkún ń dùn wọ́n, àmọ́ ẹnu wọn ṣì le koko. Ológbò wa ti sanra tó màlúù.

Àwọn àlejò ti lọ tán. Gbogbo ilé tí wọ́n ń rẹ́ǹtì ládùúgbò wa ló wà ní títì. Bí mo bá sín, gbogbo Dubrovnik ló ń gbọ́. Èmi nìkan ni mò ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri.

Bàbá ti ya fọ́tò gbogbo ayé tán lórí odi ìlú, àfi tiwa. Ni mo bá ṣe bí oníbàárà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fi orúkọ yín gba àyè fọ́tò lọ́dọ̀ wọn fún àárọ̀ ọjọ́ ọdún Vlaho Mímọ́, alábòò ìlú wa.

Bàbá pariwo: "Òpònú wo ló fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Vlaho?"

Wọ́n wá rí orúkọ yín. Wọn ò fagi lé e. Kámẹ́rà ni wọ́n ń nù láti àárọ̀.

Màmá àgbà ní, "Sọ fún Dunja kó wọ bàtà gidi o, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀."

Kí Ọlọ́run sìn yín délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá dá dúró lórí odi yẹn.

Àbúrò yín,
Roko