Nítorí Ife Kan

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ọkọ rẹ, bí ẹ bá ṣì jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ara mi le, ti bàbá rẹ náà le níwọ̀n. Ọlọ́run tó sìn ọ́ dé ìlú ńlá yẹn kò ní já ọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Nílé níbí, iléèwé ti fẹ́ wọlé, aṣọ àwọn ọmọ sì kún orí tábìlì mi débi pé mi ò rí ojú fèrèsé mọ́. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti rọ̀, okùn bàtà ni mo fi so ó. Òjò jò sí yàrá ẹ̀yìn. Bábà tó ń gẹrun lójúde wa ra dígí tuntun, ó sì fi owó dígí náà lé owó irun, ni bàbá rẹ bá ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti bá a jiyàn, kò sì gẹrun.

Ọ̀dọ̀ bábà yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ lánàá. Mo ń ṣẹ́tí ṣòkòtò kan lọ́wọ́ nígbà tó já wọlé, kílípà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi oníbàárà kan sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú irun ààbọ̀. Ó ní kí n wá gbọ́ o, pé ọmọ mi ti wọ inú ìròyìn, ó wà ní kóòtù. Mo bi í pé kí lo jí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní o ò jí nǹkan kan, pé síńgù àwọn obìnrin lo wà níbẹ̀ fún. Ọmọ mi, orí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ni mo jókòó lé. Ọmọ tí a fà lé ọkọ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ẹbí, ó wá gba kóòtù lọ di síńgù tí kò lọ́kọ mọ́?

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ bọ́ọ̀lù lò ń ṣe. O ti sọ fún wa pé pápá lẹ ti ń gbá a, pé wọ́n sì ń sanwó, a ní kò burú, iṣẹ́ tó bá ń sanwó, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n pápá yàtọ̀ sí kóòtù. Bábà fi àwòrán hàn mí nínú fóònù rẹ̀, mo sì fi ojú ara mi rí adájọ́ lórí àga gíga fíofío, tó ń wò yín látòkè. Wọ́n ta àwọ̀n sí àárín ìwọ àti obìnrin kan tó gùn bí òpó iná, kí ẹ má baà fa ara yín láṣọ ya. Èrò jókòó yí yín ká, bábà sì ní bí adájọ́ bá ti ní kí wọ́n dákẹ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ húkọ́. Ìwọ náà rèé, rákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́wọ́, òógùn bò ọ́, ó hàn pé wọn ò jẹ́ kí o délé kí wọ́n tó pè ọ́. Aṣọ tó wà nídìí rẹ kò tó ààbọ̀ ọ̀pá. Aránṣọ ni mí, mo ti fojú wọ̀n ọ́n. Ṣé irú rẹ̀ la fi ń dúró níwájú adájọ́?

Bàbá rẹ ní kí n má tíì sunkún, kí n kọ́kọ́ pè yín. Tìrẹ kò lọ. Ọkọ rẹ ló gbé tiẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní o ṣì wà ní kóòtù, ò ń gbára dì de Sátidé. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé o ti na obìnrin mẹ́rin, ó ku ẹyọ kan, òun ló sì le jù nínú wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín o! Ó ní nígbà tí o na ẹnì kẹrin, òun dìde, òun pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta òun. Obìnrin márùn-ún! Àna mi tí kì í lè wo ojú mi bó bá ń gba omi lọ́wọ́ mi! Mo bi í pé kí lẹ ń jà lé lórí. Ó ní ife ni. Mo ní ife wo. Ó ní ife kan ṣoṣo náà ni, ẹni tó bá borí ní Sátidé ló máa gbé e lọ sílé. Ibẹ̀ ni owó fóònù mi tán.

Láti ìgbà yẹn, bàbá rẹ kò bá bábà jiyàn mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé oúnjẹ síwájú, ó ń wò ó. Ó ní ṣé nítorí ife ni ọmọ òun fẹ́ fi ilé ọkọ sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, láti kékeré lo kì í ti í fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ife! Èló ni ife? Èló ni lọ́yà gbà lọ́wọ́ rẹ? Owó lọ́yà nìkan á ra ife tí gbogbo àdúgbò á fi mumi. Bábà ní wọ́n á tún fún ẹni tó bá borí lówó tó lè kọ́lé. Mi ò fẹ́ kí o kọ́lé tí ìwọ nìkan á máa gbé inú rẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo ṣe. Dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá gbé páálí kan dání. Aṣọ dúdú wà nínú rẹ̀, ó gùn dé kókósẹ̀. Mo rí i nínú àwòrán kejì pé abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì lò ń ki bọ́ọ̀lù bọ̀, ẹni tó rán an ṣahun, kò fi àpò sí i. Mo rán àpò méjì tó jìn sí tèmi. Òun ni kí o wọ̀ ní Sátidé. Bí adájọ́ bá sọ̀rọ̀, má jágbe mọ́ ọn. Má sì na obìnrin karùn-ún yẹn. Òun náà níyàá.

Nísàlẹ̀ páálí, mo fi aṣọ ìnura di ife kan. Tèmi ni, èyí tí mo fi ń mu tíì, tí etí rẹ̀ kán lọ́jọ́ tí o gbá bọ́ọ̀lù gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kì í jò. Bí wọ́n bá ti pè yín, gbé ife tọ̀hún tí ẹ ń jà lé lórí fún obìnrin náà, kí o kí i, kí o di ọkọ rẹ lọ́wọ́ mú, kí ẹ máa bọ̀ wálé. Yàrá yín ti wà ní gbígbá.

Mi ò tíì san owó ọkọ̀ páálí náà, mo ní ìwọ lo máa san án. Bí nǹkan bá sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn ti lọ́yà, rántí bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi àti òrùlé yàrá ẹ̀yìn.

Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ rẹ dúró. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín èrò. Gbé ife mi sókè dáadáa bí o bá ń jáde, kí gbogbo wọn rí i. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọmọ mi ti kóòtù bọ̀ láìgbé ife.

Èmi ni ìyá rẹ.