Bíréèsì Tí Hàjàrá Fi Pamọ́

                                                  Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                                  Àdúgbò Gàmbàrí,
                                                  Ìlọrin,
                                                  Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                                  Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Hidayat, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà ilé-kéwú,

Àsàlámù aláékúmù. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Kàdúná? Baba àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé àwọn ìbejì ti wọ ilé ìwé. Ọlọ́hun á jẹ́ kí wọ́n fi ṣe rere. Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń retí ọ̀rọ̀ mi látìgbà tí o ti gbọ́ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Hadiyyah ọmọ mi. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn mi á ga, gbogbo agboolé á sì gbọ́.

Wàá rí i pé "ó" ni mo ń pe Hàjàrá nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ, àtọjọ́ tí mo sì ti wọ ilé wọn ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gba "wọ́n" náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

O mọ̀ pé aránṣọ ni mí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo ń wọn Hadiyyah fún yunifọ́ọ̀mù tuntun, mo rí i pé èjìká ọ̀tún ga ju ti òsì lọ. Mo rò pé kò dúró dáadáa ni. Mo rán aṣọ náà, etí rẹ̀ kò dọ́gba. Mo tú u, mo tún un rán, kò dọ́gba síbẹ̀. Ni mo bá ní kó bẹ̀rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ kan nílẹ̀, mo sì rí i tí apá kan ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sókè gọngọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà yẹn.

Dókítà Olúwọlé, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ eegun ní ọsibítù tí a gbé e lọ, ní kí wọ́n ya fọ́tò eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Sìkólíósísì ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Eegun ẹ̀yìn tó yẹ kó dúró gbọọrọ ló wọ́ bí ọ̀nà oko. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ dìgíríì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ní ká ní ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, àwọn ì bá kàn máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣì ń ga, bó bá sì ṣe ń ga ló lè máa wọ́ sí i. Wọ́n wá ṣe bíréèsì fún un, ike líle kan tó dì mọ́ ọn láti abẹ́ apá dé ìbàdí, tí wọ́n ń fi okùn fà pọ̀ lẹ́yìn. Wákàtí méjìdínlógún lójúmọ́ ni kó máa wọ̀ ọ́. Dókítà kò tàn wá. Ó ní kò ní í mú eegun náà tọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dá a dúró kó má baà burú sí i títí ọmọ á fi dàgbà tán.

Tanke ni ilé ìwé Hadiyyah wà. Nígbà tí ìrìn àràárọ̀ láti Gàmbàrí pẹ̀lú ike yẹn lára fẹ́ pa á, Abdulwaris ọkọ mi ní kó máa gbé lọ́dọ̀ Hàjàrá, torí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Èmi náà gbà. Wọ́n ní ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ọmọ mi gan-an ni òwe náà ń dúró dè.

Oṣù mẹ́wàá ló fi wà níbẹ̀. Gbogbo Sátidé tí mo bá lọ, bíréèsì wà lára rẹ̀. Nígbà tí a padà lọ sí ọsibítù, dókítà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. Inú rẹ̀ ń dán, okùn rẹ̀ kò ṣá. Ó rọra bi Hadiyyah pé ṣé ó ń wọ̀ ọ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Àti ọ̀sẹ̀ kejì ni Hàjàrá ti gbà á, tó ń fi í pamọ́ sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń yọ ọ́ jáde ní àárọ̀ Sátidé nìkan. Ó ní, "Ta ló máa fẹ́ ọmọ tó ń gbé igbá kiri bí ìjàpá? Ó máa fún ilé ọmọ rẹ pa." Ó wá ọkùnrin kan tó ń fi òrí wọ́ ọn lẹ́yìn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó sì ní bí ọmọ náà bá sọ fún mi, ẹnu rẹ̀ ló máa tú ẹbí ká. Fọ́tò tuntun náà jáde: dìgíríì mọ́kànléláàádọ́ta. Kò sí ohun tí bíréèsì lè ṣe sí i mọ́ àfi iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lọ́dọ̀ Àáfà Abdulhaleem, àbúrò bàbá ọkọ mi. Hàjàrá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Barakah, ìfẹ́ ló mú mi ṣe é. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́." Mo mọ̀ pé kò purọ́, ìyẹn gan-an ló tún mú inú mi ru sí i. Àáfà bi mí pé kí ni mo fẹ́. Wọ́n ti rò pé màá ní mo ti gbà.

Mo ní, "Mo fẹ́ kó tẹ̀lé wa lọ bá dókítà, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ẹ̀yìn ọmọ mi. Bí Ọlọ́hun bá sì jẹ́ kọ́mọ dìde, kó dúró láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà Aṣálátù tó jẹ́ olórí rẹ̀, kó sọ ohun tó ṣe."

Ọkọ mi fi ẹsẹ̀ tẹ tèmi nílẹ̀, ó ní kí n rọra. Mi ò rọra.

Lọ́jọ́ tí a lọ, mo fi Hàjàrá sórí àga tó sún mọ́ dókítà jù. Dókítà ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á fún ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe ẹrù tó rù, kì í ṣe bó ṣe sùn, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Mo rí i tí Hàjàrá gbé orí sókè, ó fẹ́ fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo bá ní, "Dókítà, ká ní ó wọ bíréèsì náà bí ẹ ṣe wí ńkọ́?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Mi ò lè búra, Màámi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó bá wọ̀ ọ́ dáadáa kì í dé ibi iṣẹ́ abẹ." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo ní kó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé bí àwọn á ṣe la ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí àwọn á fi ìdè irin dè é mọ́ ọ̀pá irin méjì kí eegun náà lè so pọ̀, àti pé ewu wà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀. Hàjàrá fa ìborùn bo ojú. Hidayat, inú mi dùn. Má dá mi lẹ́jọ́.

Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí wọ́n ní Hadiyyah ti mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, Hàjàrá wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó forí kanlẹ̀ dúpẹ́. Mo ní kó lọ dúpẹ́ tirẹ̀ níbòmíràn. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, ó ti ga sí i, kò kàn lè tẹ ẹ̀yìn bíi tàtẹ̀yìnwá ni. Ó ti dárí ji ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n là, ó lè ṣe bó ṣe fẹ́. Àáfà ní kí èmi náà gbàgbé. Mo dá wọn lóhùn pé àmín, ọkàn mi kò dáhùn.

Ohun tó wá ń jẹ mí lára jù nìyí. Ó dúró lóòótọ́ ní Aṣálátù, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Àwọn ìyá méjì padà sílé lọ wo ẹ̀yìn ọmọ wọn, wọ́n bá a bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ náà ti ń wọ bíréèsì. Àwọn obìnrin wá ń gbàdúrà fún un, wọ́n ń pè é kiri kó wá là wọ́n lọ́yẹ̀. Ìyà tí mo fi jẹ ẹ́ ti di oyè. Wọ́n ní bó ṣe ń sọ ọ́ báyìí, "a kò tètè mọ̀" ló ń wí, kò dárúkọ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́.

Aṣálátù tiyín náà ti pè é fún oṣù tó ń bọ̀, òun ló mú mi kọ̀wé yìí. Jọ̀wọ́, lọ. Jókòó níwájú níbi tí á ti rí ọ. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, torí àwọn ọmọ tó lè gbà là. Bí ó bá wá fo ibi tó ti fi bíréèsì pamọ́, dìde, kí o bá a sọ ọ́.

Bá mi kí Ìyá, kí o bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu. Hadiyyah ní kí n kí ọ, kò mọ ohun tí mo kọ.

Tìrẹ ni mí nígbà gbogbo,

Barakah